Edsger Dijkstra, ọkùnrin tí ó kọ́ ẹ̀rọ ní sùúrù

Àwọn àgbà wa sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ méjì bá jùmọ̀ ń kọ̀wé sí ojú kan náà nínú ìwé kan náà láìsí àdéhùn, ìwé náà yóò bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé àjọ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ kan ní akọ̀wé méjì àti ìwé kan ṣoṣo. Iye tí ó wà nínú ìwé jẹ́ 10 000 fránkì. Akọ̀wé kìíní wo iye náà, ó sì lọ gba 2 000 fránkì lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan. Kí ó tó padà dé, akọ̀wé kejì pẹ̀lú ti wo ìwé, ó rí 10 000, ó sì lọ gba 5 000 lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Akọ̀wé kìíní dé, ó kọ 12 000. Akọ̀wé kejì dé, ó pa á rẹ́, ó kọ 15 000. Owó tí ó wà nínú àpótí jẹ́ 17 000, ṣùgbọ́n ìwé sọ pé 15 000 ni. Kò sí olè láàrin wọn, àwọn méjèèjì ni ó sì mọ ìṣirò. Síbẹ̀, 2 000 fránkì ti sọnù nínú ìwé, ìjà sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Irú ewu yìí ń bẹ nínú gbogbo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn tí ó kàwé ní èdè Faransé ń pè ní ordinateur. Ó ń bẹ nínú tẹlifóònù tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ pẹ̀lú. Nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìlànà tí ó dájú lélẹ̀ láti dènà rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì kan ni orúkọ rẹ̀ yọ jù. Edsger Wybe Dijkstra ni orúkọ rẹ̀. Dáíkísítírà ni a ń pe orúkọ ìdílé rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a ó sọ lónìí.

Ọmọ olùkọ́ ní Rotterdam

A bí Dijkstra ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1930 ní Rotterdam, ìlú èbúté ńlá ní Họ́láńdì. Òun ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́rin tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Baba rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì tí ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyá rẹ̀ mọ ìṣirò gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ṣe iṣẹ́ oṣù. Lọ́dọ̀ ìyá yìí ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò gbàgbé títí ó fi dàgbà: bí ìdáhùn ìṣirò kan bá gùn ju ìlà márùn-ún lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ń ṣe é ti ṣìnà.

Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì wọ ilẹ̀ Họ́láńdì. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1940, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju àdó olóró sí àárín ìlú Rotterdam, iná sì jó o.

Ogun parí, ọmọdékùnrin náà sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ọdún 1948 ni ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìmọ̀ òfin ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ fà sí. Ó ń rò ó pé lọ́jọ́ kan òun yóò ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè òun ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ṣùgbọ́n ó ta yọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rọ̀ ọ́ kí ó má ṣe fi ẹ̀bùn náà ṣòfò. Ó wọ Yunifásítì Leiden láti kọ́ ìmọ̀ físíìsì àti ìṣirò.

Ní ọdún 1951, baba rẹ̀ gbúròó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọn yóò ṣe ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà lọ síbẹ̀. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà kò pọ̀ láyé. Ẹyọ kan a máa gba odidi yàrá ńlá. Ohun tí a ń pè ní ètò ni àkójọ àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ ní ṣísẹ̀ǹtẹ̀lé, tí ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1952, Ilé-iṣẹ́ Ìmọ̀ Ìṣirò ní ìlú Amsterdam gba Dijkstra láti máa kọ ètò.

Iṣẹ́ tí ìwé ìjọba kò mọ̀

Fún ọdún mẹ́ta, ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Ó ń kọ́ físíìsì ní Leiden, ó sì ń kọ ètò ní Amsterdam. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá fi ètò kíkọ ṣe iṣẹ́, àwọn ènìyàn yóò bi òun pé ìmọ̀ wo ni òun ní, òun kò sì ní rí èsì fọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Adriaan van Wijngaarden. Ọ̀gá náà gbà pé iṣẹ́ náà kò tíì ní ìlànà. Ṣùgbọ́n ó fi yé e pé kọ̀ǹpútà ti dé, kò sì ní padà sẹ́yìn mọ́, àti pé ó ṣeé ṣe kí òun Dijkstra wà lára àwọn tí yóò sọ iṣẹ́ náà di ìmọ̀ tí ó níyì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ ohun tí òun yóò fi ayé òun ṣe.

Nígbà tí ó fẹ́ Maria Debets ní ọdún 1957, òfin béèrè pé kí ọkọ ìyàwó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú Amsterdam kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kò sí iṣẹ́ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ físíìsì ni a kọ sínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Òun àti Maria bí ọmọ mẹ́ta.

Ní ọdún kan ṣáájú ìgbéyàwó yìí, àwọn méjèèjì jáde lọ ra nǹkan ní Amsterdam títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Wọ́n jókòó láti mu kọfí. Láàrin nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, láìmú ìwé tàbí gègé lọ́wọ́, Dijkstra rí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ ọ̀nà tí ó kúrú jù láti ìlú kan sí òmíràn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1959. Títí di òní, ìlànà yìí àti àwọn mìíràn tí a fà yọ láti inú rẹ̀ ni a fi ń wá ọ̀nà lórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ yìí nìkan ti tó láti sọ ènìyàn di olókìkí, ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó le jù ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a lè dá lọ́wọ́ kọ́

Àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ a máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ lẹ́tà kan, yóò dúró, kò ní ṣe nǹkan mìíràn títí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò fi ṣetán. Ó dà bí ìyá tí ó gbé omi kaná, tí ó wá dúró ti ìkòkò, tí kò já ẹ̀fọ́, tí kò lọ ata, títí omi fi hó.

Ní nǹkan bí ọdún 1957, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì ní Amsterdam, Bram Loopstra àti Carel Scholten, ń ṣe ẹ̀rọ tuntun kan tí a pè ní X1. Ẹ̀rọ yìí lè máa ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀wé. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ṣetán, yóò pe X1. X1 yóò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, yóò dáhùn ìpè náà, yóò sì padà sí ibi tí ó bá iṣẹ́ dé. Ìyá lè máa já ẹ̀fọ́ báyìí. Bí omi bá hó, yóò gbọ́ ariwo ọmọrí ìkòkò.

Inú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Dijkstra. Ìpè náà lè dé nígbàkigbà, láàrin ìṣísẹ̀ méjì èyíkéyìí. Bí ó bá dé nígbà tí ẹ̀rọ ti ka iye kan tán, ṣùgbọ́n tí kò tíì kọ iye tuntun sílẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé àjọ yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í wá lójoojúmọ́. Ó lè farahàn lónìí, kí a dán ẹ̀rọ wò nígbà 100, kí a má rí i mọ́, kí ó sì tún wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Níwájú àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ náà yóò dà bí ẹni pé kò ní àbùkù.

Ohun tí Dijkstra kọ́ nínú ìbẹ̀rù yìí ni ó di òpó iṣẹ́ rẹ̀. Ìdánwò lè fi àṣìṣe hàn wá, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí pé àṣìṣe kò sí mọ́. Ẹ̀rí tí ó dájú ni ó yẹ kí a ní, bí irú èyí tí ó wà nínú ìṣirò. Ó lọ́ra fún oṣù díẹ̀, kí ó tó gbà láti kọ ètò tí yóò máa dáhùn àwọn ìpè X1. Iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ẹ̀rọ náà ni ó fi gba oyè dókítà ní ọdún 1959.

Ta ni yóò wọlé?

Ó gbé ìbéèrè kan síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amsterdam. Ètò méjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi ẹlẹgẹ́ kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ó ti ń fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ tí wọ́n jọ ní. Báwo ni a ó ṣe ṣe é tí àwọn méjèèjì kò fi ní wà ní ibi ẹlẹgẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí yóò yára àti èyí tí yóò lọ́ra nínú wọn. Ohun tí wọ́n lè ṣe kò ju pé kí wọ́n ka àmì tí ẹnìkejì fi sílẹ̀, kí wọ́n sì fi tiwọn sílẹ̀.

Ìbéèrè náà dà bí ohun tí ó rọrùn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wo ibẹ̀ kí ó tó wọlé. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, kí ó fi àmì sí ẹnu ọ̀nà, kí ó wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè wo ibẹ̀ ní àkókò kan náà, kí wọ́n rí i pé ó ṣófo, kí wọ́n sì jọ wọlé. Ó dára, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wo ti ẹnìkejì. Nígbà náà, àwọn méjèèjì lè jọ fi àmì sílẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dúró de ẹnìkejì títí ayé. Bí wọ́n bá ń gbà á ní ìkọ̀ọ̀kan ńkọ́, tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la? Bí ẹni tí ó kàn bá lọ sùn, ẹnìkejì kò ní lè wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Àwọn ènìyàn ń mú ìdáhùn wá, Dijkstra ń fi ibi tí ó ti jò hàn wọ́n. Níkẹyìn, onímọ̀ ìṣirò kan, Theodorus Dekker, rí ìdáhùn fún ètò méjì. Ní ọdún 1965, Dijkstra fúnra rẹ̀ tẹ ìdáhùn jáde fún iyekíye ètò, ì báà jẹ́ 2, ì báà jẹ́ 100, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ó tọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ojú ìwé kan ṣoṣo lọ.

Òpó àmì ẹ̀gbẹ́ ojú irin

Ìdáhùn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní ìnira kan. Ẹni tí ń dúró kì í sinmi: yóò máa wo ẹnu ọ̀nà ṣáá, yóò máa fi agbára ẹ̀rọ ṣòfò. Dijkstra wá ọ̀nà tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi orúkọ ohun tí a ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin pè é.

Àwọn ará Ṣábẹ̀, tí ojú irin Kútọnú sí Parakú gba ìlú wọn kọjá, mọ̀ pé ojú irin kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ ojú irin méjì kò gbọdọ̀ pàdé lórí rẹ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n a máa ri òpó tí ó ní apá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Bí apá náà bá wà ní ipò kan, ọkọ̀ lè kọjá. Bí ó bá wà ní ipò kejì, kí ọkọ̀ dúró. Sémaphore ni àwọn elédè Faransé ń pè é. A ó pè é ní òpó àmì.

Nínú kọ̀ǹpútà, òpó àmì kì í ṣe igi tàbí irin. Nọ́ńbà lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé nọ́ńbà náà jẹ́ 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àyè ẹnìkan wà. Ètò tí ó fẹ́ wọ ibi ẹlẹgẹ́ yóò yọ 1 kúrò, nọ́ńbà yóò di 0, ètò náà yóò sì wọlé. Bí òmíràn bá dé tí ó bá 0, yóò lọ sùn, yóò máa dúró kí ó kan òun. Nígbà tí ẹni tí ó wà nínú bá jáde, yóò dá 1 padà, a ó sì jẹ́ kí ẹnìkan nínú àwọn tí ń sùn jí, kí ó wọlé. Wíwo nọ́ńbà àti yíyọ 1 kúrò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣe kan ṣoṣo tí ohunkóhun kò lè là láàrin. Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí àyè bá sì wà fún ètò 3, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 3 dípò 1.

Lẹ́tà P ni Dijkstra fi pe ìṣe ìwọlé, V ni ó fi pe ìṣe ìjáde. Inú èdè abínibí rẹ̀ ni ó ti mú wọn. V dúró fún ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan sókè. P dúró fún ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ hun, láti sọ pé kí a gbìyànjú láti rẹ nǹkan sílẹ̀. Báyìí ni lẹ́tà méjì láti inú èdè Họ́láńdì, èdè tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò pọ̀ bí àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, ṣe wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé.

Èkùrọ́ inú ẹ̀rọ

Ní ọdún 1962, Dijkstra di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Eindhoven. Òun àti ẹlẹgbẹ́ díẹ̀ tí a lè fi ọwọ́ kan kà ni ó kọ ètò ìdarí fún ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ X8. Ètò ìdarí ni ó ń ṣàkóso gbogbo ètò yòókù. Òun ni ó ń pín àkókò, ibi ìpamọ́ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún wọn. Apá tí ó jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀ ni àwọn elédè Faransé ń pè ní noyau. Àwa lè pè é ní èkùrọ́, nítorí àárín gbùngbùn ni ó wà, bí èkùrọ́ ti wà nínú ẹyìn. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo ètò ti ń pàdé. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, gbogbo ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Wọ́n to iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele, bí ilé tí a mọ láti orí ìpìlẹ̀. Òpó àmì ni àwọn ètò fi ń bá ara wọn ṣe àdéhùn. Wọn kì í gbára lé ìpele kan láìjẹ́ pé ẹ̀rí wà pé ó tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n wá dán ètò náà wò, àṣìṣe kéékèèké tí ó rọrùn láti tún ṣe nìkan ni wọ́n rí. Ìròyìn iṣẹ́ yìí jáde ní ọdún 1968, ó sì di àwòkọ́ṣe fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ ètò ìdarí lẹ́yìn wọn.

Dijkstra tún rí i pé ìdúró fúnra rẹ̀ lè di ewu. Àgbẹ̀ kan mú àdá, ó ń dúró de ọkọ́. Àgbẹ̀ kejì mú ọkọ́, ó ń dúró de àdá. Kò sí ẹni tí yóò fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ yóò ṣú bá wọn níbẹ̀. Ó pe èyí ní ìdìmọ́ra tí ń pani. Ní ọdún 1965, ó fi irú rẹ̀ ṣe ìbéèrè ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ìbéèrè náà sì di ìtàn àwọn ọlọ́gbọ́n 5 tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Fọ́ọ̀kì 5 péré ni ó wà láàrin wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò jẹun gbọ́dọ̀ mú fọ́ọ̀kì 2. Bí gbogbo wọn bá jọ mú èyí tí ó wà ní apá òsì, oúnjẹ yóò wà níwájú wọn, ebi yóò sì máa pa wọ́n.

Ó fi ìwà olówó tí ó gbọ́n ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn rẹ̀. Olówó bẹ́ẹ̀ kì í yá ẹnikẹ́ni lówó láìjẹ́ pé ó ti rí i dájú pé ohun tí yóò kù lọ́wọ́ òun ṣì lè tó kí ẹnìkan, ó kéré tán, fi parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó san gbèsè, kí owó náà sì tó ẹlòmíràn. Bí a bá ń yá àwọn ètò ní ohun èlò báyìí, kò sí èyí tí yóò há láéláé.

Gègé àti ìwé

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ rírì iṣẹ́ yìí. Ní Eindhoven, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò kò ka ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí ìmọ̀ gidi, a sì tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká. Ìbànújẹ́ mú un tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di àìsàn. Ìwé kíkọ ni ó fi tu ara rẹ̀ nínú: ó kọ ìwé gígùn kan lórí bí ó ṣe yẹ kí a to ètò kí ó lè yé ẹni tí ń kà á. Ìwé náà tàn káàkiri. Ní ọdún 1972, a fún Dijkstra ní Ẹ̀bùn Turing, èyí tí ó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Láti ọdún 1973, ó ń ṣiṣẹ́ fún Burroughs, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n inú ilé rẹ̀ ní Nuenen, nítòsí Eindhoven, ni ó jókòó sí. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà yìí kò fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé. Gègé àti tàdáwà ni ó fi kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó mọ́ tónítóní. Ó ń fi nọ́ńbà sí ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́, àwọn náà sì ń ṣe ẹ̀dà fún ẹlòmíràn. Àwọn ìwé náà lé ní 1 300 kí ó tó kú. Kò ní tẹlifíṣọ̀n nínú ilé. Dùùrù ni ó máa ń tẹ̀ bí ó bá fẹ́ sinmi.

Nígbà tí àìsí àdéhùn pa ènìyàn

Ní ọdún 1984, ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin. Láàrin àwọn ọdún tí ó ń kọ́ni níbẹ̀ ni ayé rí ohun tí irú àṣìṣe tí ó ti ń bẹ̀rù láti ìgbà X1 lè ṣe.

Láàrin ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìwòsàn kan tí ń jẹ́ Therac-25, tí a fi ń tan ìtànṣán sí ara àwọn tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ, fún aláìsàn 6 ní ìtànṣán tí ó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ gidigidi, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn kan nínú wọn kú. Méjì nínú ìjàǹbá wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas ní ọdún 1986.

Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí ẹ̀rọ náà. Nínú ètò rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ ń lo àkọsílẹ̀ kan náà láìsí ìdáàbòbò tí ó yẹ láàrin wọn. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe nígbà tí ó ń tẹ ìwọ̀n ìtọ́jú sínú ẹ̀rọ, tí ó sì yára tún un ṣe láàrin ìṣẹ́jú àáyá 8, ojú ẹ̀rọ yóò fi iye tuntun hàn, ṣùgbọ́n apá kan nínú ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Òṣìṣẹ́ tuntun kì í bá àṣìṣe yìí pàdé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá. Àwọn tí iṣẹ́ ti mọ́ lọ́wọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò kò fi rí i kí ó tó dé ara aláìsàn.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Dijkstra fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1999. Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ mú un, ó padà sí ilé rẹ̀ ní Nuenen, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2002. Ẹni ọdún 72 ni. Láti ọdún 2003 ni a ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀bùn kan tí a ń fún àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣe lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Nígbà ayé X1, iṣẹ́ kan ni ó ń dá òmíràn lọ́wọ́ kọ́ nínú ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ kan. Lóde òní, tẹlifóònù tí ó wọ inú àpò lè ní ọpọlọ 4 tàbí 8 tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ ń lo ibi ìpamọ́ kan. Èkùrọ́ tí ń jẹ́ Linux ni ó wà nínú gbogbo tẹlifóònù Android. Nínú rẹ̀, òríṣiríṣi àgádágodo ni a fi ń ṣọ́ àkọsílẹ̀. Bí ìdúró yóò bá kúrú gan-an, ẹni tí ń dúró kì í sùn, nítorí àti sùn àti jí yóò gba àkókò ju ìdúró náà lọ. Bí ìdúró yóò bá pẹ́, yóò sùn títí a ó fi jí i. Òpó àmì Dijkstra náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí ó kọ Linux ti yí orúkọ P àti V padà: wọ́n pe ọ̀kan ní ìsọ̀kalẹ̀, wọ́n pe èkejì ní ìgòkè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Dijkstra fi rán wọn ni wọ́n ṣì ń jẹ́.

Nígbà tí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá tẹ nọ́ńbà lórí tẹlifóònù láti fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà ní Kútọnú, àìmọye ètò ń dúró, àìmọye ń wọlé, àìmọye ń jáde, nínú tẹlifóònù náà àti nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ó ń gba ìránṣẹ́ yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dúró kí ó kàn án kí ó tó fọwọ́ kan àkọsílẹ̀. Nítorí ìdúró kékeré yìí, tí ojú kò rí, ni owó tí ọmọ náà rí gbà fi bá iye tí ẹ fi ránṣẹ́ mu.